Afárá Tó Kù Lọ́nà

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí àmì táyà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìdí tábìlì ilé ìdáná ni mo jókòó sí. Kẹ̀kẹ́ yín wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, níbi tí ẹ máa ń fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, tí mo sì máa ń ráhùn pé táyà rẹ̀ ń kun ilé mi dúdú. Ní oṣù tó kọjá, àwọn tó ni ilé ní àwọn fẹ́ fi ọ̀dà tuntun kun gbogbo yàrá, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ògiri yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì wọn wò mí títí, bí ẹni pé orí mi ti fẹ́ máa yí. Bóyá ó tiẹ̀ ti ń yí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń ṣe ná.

Irọ́ ni mo ń pa fún Ìyá Láfẹ́ńwá, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, ẹni kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn tí ẹ jọ mu ọmú kan náà. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí a ti sin yín síbí, Ìyá kò sì tíì gbọ́ pé ẹ ti kú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ń pè wọ́n ní Abẹ́òkúta, tí mo ń sọ fún wọn pé ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ yín dé afárá mìíràn.

Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ̀yin ì bá ṣe é lọ́nà mìíràn.

Ṣé ẹ rántí bí inú yín ṣe bàjẹ́ tó nígbà tí mo mú yín wá sí Brays Oaks ní Amẹ́ríkà níbí lẹ́yìn ikú Màmá? Ẹ̀yin tí ẹ fi kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ wọlé-wọlé ká gbogbo abúlé Ẹ̀gbá, tí ẹ ń yọjú wo ìkòkò omi àwọn èèyàn bóyá tanwíji wà níbẹ̀, ẹ wá di ẹni tó ń ti ojú fèrèsé wo márosẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ ní ìlú tí ẹsẹ̀ èèyàn kò lè gbé e dé ibi kankan, ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní kí ẹ ṣe sùúrù. Títí ọjọ́ tí ẹ bá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan já sí etí odò, odò tí wọ́n ń pè ní báyù níbí, tó gba àárín ìlú kọjá lọ síhà ìlà-oòrùn. Ọ̀nà tóóró kan wà létí rẹ̀ tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan. Mọ́tò kankan kò wọ ibẹ̀. Bí títì bá fẹ́ kọjá, orí afárá ló máa gbà, kẹ̀kẹ́ á sì rọra gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ wọlé lọ́jọ́ náà, ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ẹ ní odò Ògùn ti ṣáájú yín dé Amẹ́ríkà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti ra kẹ̀kẹ́. Ẹ kò bi mí.

Mo bá yín tẹ máàpù ọ̀nà náà jáde, ẹ sì fi bírò pupa sàmì sí gbogbo afárá tó wà níbẹ̀ títí dé ibi tí ọ̀nà ti parí. Ẹ kò lè pe orúkọ àwọn títì náà, tàbí kí n sọ pé ẹ kàn kọ̀ láti pè é ni, ẹ bá fún afárá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tiyín. Afárá Oníbàtà, nítorí bàtà tí ẹnì kan sọ há sórí wáyà. Afárá Lékeléke. Afárá Àdán. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, pẹ̀lú ibi tí omi mímu wà, ibi tí ìbòjì wà, àti ibi tí ẹ ti rí pàǹtírí tó ń bí yín nínú. Wọlé-wọlé kò kúrò lára yín. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bí ẹ bá ti kírun tán, ẹ ó fi ohun tí mo fi ń há aṣọ mọ́ okùn há ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín kí ṣéènì má baà gbé e, ẹ ó gùn ún dé afárá kan ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, ẹ ó wá pe Ìyá láti abẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yín lórí, nítorí pé gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń dán fóònù wò. Ìyá ló ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ fún yín nígbà tí ẹ gba iṣẹ́, ẹ̀yin náà sì máa ń gbé wọn sórí káríà lọ sóko, ní ọ̀nà etí odò Ògùn. Torí náà, bí wọ́n bá ti gbé fóònù, ẹ ó ní, “Àǹtí mi, ẹ dì mí mú o.” Wọ́n á ní, “Mo ti dì ọ́ mú, máa lọ.” Ìgbà náà lẹ máa wá ròyìn omi, ẹyẹ, awun tó ń yáàrùn lórí òkúta, àti àwọn òyìnbó tó ń sáré láìsí ẹni tó ń lé wọn. Bí ẹ bá parí, ẹ ó tẹ aago kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ sì ti ṣèlérí fún wọn pé bí ọ̀nà yìí bá tán, ẹ ó wá sílé, ẹ ó tún gbé wọn sórí káríà lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún! Ẹ̀yin méjèèjì kò gbọ́n.

Afárá Àdán lẹ dé kẹ́yìn. Mẹ́tàlá ló ṣẹ́kù nínú ìwé yín. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ẹ kírun Àsùbáà, ẹ jókòó sórí àga, ẹ kò dìde mọ́.

A kò tíì fọ iyẹ̀pẹ̀ sàréè kúrò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè láti Abẹ́òkúta pé Ìyá kò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ọkàn wọn kò lágbára. Ẹ mọ̀ ọ́n bí a ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ wa. Ọdún mélòó lẹ fi ń sọ fún ìyá yín pé àbúrò yín tó kú sí Kánò ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó wá? Ìyá àgbà kú láìgbọ́, gbogbo ẹbí sì yìn yín pé ẹ ṣe bí ọmọ. Nítorí náà, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wakọ̀ láti Humble, ìlú tó wà nítòsí wa níbí, wá bá mi, ó ti mọ ohun tí a máa wí.

“Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ manage ẹ̀,” ló sọ. “Tí Ìyá bá gbọ́ báyìí, BP wọn á shoot up. Sọ fún wọn pé throat ló ń yọ Daddy lẹ́nu, doctor ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rárá. Just two weeks, ká fi wá ẹni tó máa bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ̀yin ò ní pè wọ́n?”

“Ìwọ lò ń gbé pẹ̀lú Daddy. Ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́.”

Títí di òní, a kò tíì rí ẹni tó máa bá wọn sọ ọ́. Ẹni tí a bá pè níbẹ̀ á ní kí a ṣì fún òun láyè díẹ̀.

Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́, mo rò pé màá jókòó sínú yàrá mi, màá sọ gbólóhùn méjì, màá pa fóònù. Ìyá kò gbà. Wọ́n fẹ́ mọ bóyá omi náà kún. Wọ́n fẹ́ mọ irú ẹyẹ tó wà níbẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ẹ ṣì ń na èékánná yín sí àwọn lékeléke bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe kí wọ́n lè fún wọn ní funfun. Mi ò mọ̀ rárá pé ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń ṣe háà-húù ni. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ aago, mo sáré lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni. Mo ti gbọ́ ọ, àbúrò mi.” Mo ti purọ́ fún èèyàn rí, Bàbá mi, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n èyí kò jọ èyí tí mo ti ń pa. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, mo sunkún débi pé ọ̀fun tèmi gan-an dun mí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Irọ́ tí mo bá fi ojú rí ni mo lè pa dáadáa. Mo lọ bá ọ̀gá mi ní ọsibítù pé mo fẹ́ máa sinmi ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ẹ rántí iye ìgbà tí ẹ bẹ̀ mí pé kí n gba ààyè ọjọ́ yẹn, kí àwa méjèèjì jọ lọ? Mo ní kò ṣeé ṣe, pé ẹ kò mọ bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ọ̀gá mi fi gbà. Ó tiẹ̀ bi mí ìdí tí n kò fi béèrè láti ọjọ́ yìí.

N kò gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó wà níbẹ̀.

Èmi ni mo ń gùn ún báyìí. Màá gbé kẹ̀kẹ́ yín sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò, màá wakọ̀ dé tòsí afárá tó kàn, màá gùn ún látibẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ ga jù fún mi. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ilẹ̀ bí mo bá dúró, mo sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn kan ní kí n jẹ́ kí òun bá mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo sì fi ìbínú dá a lóhùn bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan mi. N kò lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé e sí ibi tó wà. Bí mo bá ń bá Ìyá sọ̀rọ̀, màá ní ẹ̀yin lẹ wà lórí kẹ̀kẹ́, pé mọ́tò lèmi fi wá pàdé yín kí n lè bá yín gbẹnu sọ. Wọ́n á ní kí n kí yín. Màá ní mo ti kí yín.

Ọ̀nà yín dára, Bàbá mi. Inú ń bí mi pé ó dára tó bẹ́ẹ̀. Orí afárá ni ariwo mọ́tò wà, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni omi ti ń ṣàn bí ẹni pé kò sí ìlú kankan lókè. Mo ń na èékánná mi sí lékeléke. Mo máa ń wo ẹ̀yìn kí n tó ṣe é.

Bàbá kan wà tó máa ń dẹ ìwọ̀ lábẹ́ afárá kejì sí àdúgbò ọsibítù Medical Center, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí, onírùngbọ̀n funfun. Bí mo ṣe yọ sí i lọ́jọ́ kan, ó wo kẹ̀kẹ́, ó nawọ́ sókè. “E ku irin!” Bí ẹ ṣe kọ́ ọ náà ló ṣe pè é. Ó wò mí lẹ́yìn bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. “Where Baba at?”

“He passed, sir.”

Ó ṣí fìlà. Ó wá ká okùn ìwọ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi, kò sì dẹ ẹ́ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹnu mi sọ ọ́ fún tààrà. Èdè ẹlòmíràn ni mo fi sọ ọ́, ó sì rọrùn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá sígbà náà tí mo pe Ìyá, tí mo sọ fún wọn pé ẹ ti rí ọ̀rẹ́ yín apẹja, pé ara yín yá gágá. Kí ló dé tí mo lè sọ òótọ́ fún àjèjì, tí n kò lè sọ ọ́ fún ẹ̀jẹ̀ yín?

Mo gbìyànjú láti fa ọ̀nà náà gùn. Ní ọ̀sẹ̀ kan mo ní táyà jó. Ní ọ̀sẹ̀ kan òjò rọ̀, odò bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, ìyẹn kì í ṣe irọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ìyá kò bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka àwọn afárá. Orí wọn pé ju tèmi lọ. “Ó ku mẹ́rin,” wọ́n á ní. “Ó ku méjì.” Wọ́n ti ní kí wọ́n kun yàrá tí ẹ máa sùn sí. Wọ́n ti ní kí ọmọ aládùúgbò bá wọn wá kẹ̀kẹ́ tí káríà rẹ̀ le. Bí mo bá sọ fún Bọ̀ọ̀dá, ó máa ń mí kanlẹ̀ lórí fóònù ni. N kò mọ èwo ni ṣíṣe. Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ irú nǹkan báyìí.

Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú ti àná ni mo dé ìparí. Kọnkéré ọ̀nà náà kàn tán ni, koríko gbà á. Odò ti fẹ̀ níbẹ̀, omi rẹ̀ ń rùn díẹ̀ bí omi tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gbà. Àga onírin kan wà níbẹ̀ àti garawa ìdalẹ̀nù. Ṣé ibi tí ẹ ń lé lọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, Bàbá mi? Mo jókòó sórí àga náà, mo ní ó tó. Màá sọ fún Ìyá lónìí. N kò tiẹ̀ sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ṣi nọ́ńbà wọn pè lẹ́ẹ̀kan.

“Ẹ káalẹ́, Ìyá.”

“Káalẹ́, ọmọ mi. Ibo lẹ dé?”

“Ìyá, ọ̀nà ti tán.”

Mo ń gbọ́ fáànù wọn tó ń han.

“Ó tán pátápátá?”

“Ó tán, Ìyá. Koríko ló kù. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n—”

“Má sọ nǹkan kan.”

“Ìyá...”

“Mo ní má sọ nǹkan kan. Bí ọ̀nà bá tán, ṣebí ẹ máa yí padà ni. Yí kẹ̀kẹ́ náà padà, ọmọ àbúrò mi. Rọra máa bọ̀, mi ò kánjú. Mo ti dì ọ́ mú.”

N kò sọ fún wọn rí pé èmi ni mo wà lórí kẹ̀kẹ́, Bàbá mi. N kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo jókòó síbẹ̀ tí fóònù wà létí mi, mo ń wo ibi tí koríko ti gba ọ̀nà náà. Wọn kò béèrè aago lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó dàárọ̀.

Wọ́n ti mọ̀. Mo pe Bọ̀ọ̀dá láti ibẹ̀, ó ní, “Ah! Ta ló sọ fún wọn?” Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. A bi gbogbo èèyàn ní Láfẹ́ńwá, wọ́n búra. Bóyá láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tẹ aago yín ni wọ́n ti mọ ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Bọ̀ọ̀dá ní, “Thank God. At least ó ti parí.” Èmi náà rò pé ó ti parí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń múra ohun tí màá bá Ìyá sọ. Mo fẹ́ kí a jọ sunkún yín. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, n kò tíì rí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ yín ju bí mo ṣe mọ̀ yín lọ tí a lè jọ sunkún.

Àná ni Jímọ́ọ̀. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, mo gùn ún dé afárá kan síhà ilé, mo pè wọ́n. Wọ́n gbé e kíá. Ohùn wọn mọ́.

“Ọ̀fun àbúrò mi ńkọ́? Ṣé ó ti ń san?”

Gbogbo ohun tí mo ti tò jọ láti ọ̀sẹ̀ kan fò lọ.

“Ó ti ń san díẹ̀díẹ̀, Ìyá.”

“Ọlọ́run á ṣe é tán. Jẹ́ kí n gbọ́ aago rẹ̀.”

Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kí ni ǹ bá ṣe? Ìyá kò rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni,” wọ́n sì pa fóònù. Ṣé èmi ni wọ́n ń ṣàánú ni, àbí ara wọn? Ṣé bí ìyá tiyín náà ṣe ṣe sí yín nìyẹn ní gbogbo ọdún tí ẹ ń sọ̀rọ̀ Kánò fún un? Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí. Ó sì yẹ kí ẹ ti sọ ọ́.

Mo ti ka àwọn afárá tó wà láàárín ibẹ̀ àti ilé. Wọ́n pọ̀ díẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. Èmi àti Ìyá á máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Jímọ́ọ̀ sí Jímọ́ọ̀, Afárá Àdán, Afárá Lékeléke, Afárá Oníbàtà, títí a ó fi dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí ẹ ti rí odò yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá ti kẹ̀kẹ́ yìí wọlé, tí màá fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri níbi tí àmì dúdú yẹn wà, tí Ìyá á sì béèrè ibi tí a dé. Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá mi, níbo ni màá sọ fún wọn pé ẹ wà?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ pè títí tí kò wá, tó ń gun kẹ̀kẹ́ yín bọ̀ wálé báyìí pẹ̀lú ìfẹ́.